Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Ni Kọmíṣọ̀n Wa

Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi tí n kò tà, tí n kò sì sọ nù. Òfìfo ni, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n tò wọ́n léra wọn, ẹ̀yìn ewé kọ̀ọ̀kan sì ní tàdáwà pupa. Bí a bá fi bírò tẹ ti òkè dáadáa, ọ̀rọ̀ á là á já dé ewé ìsàlẹ̀. Tàdáwà yẹn kì í ṣe ohun tí ọṣẹ ń tètè mú kúrò lọ́wọ́. Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ mi á yẹ ìka mi wò, wọn á ní, “Mọ́mì, ọjà yá lónìí.” Bí ìka bá pupa, ọjà yá nìyẹn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1979 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èjẹ́ńtì ìrìnàjò ní Brooklyn, ní ìlú New York, lábẹ́ ọ̀gá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní 1987 mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Iṣẹ́ yìí dùn bí oyin níṣojú mi, ó sì korò bí jogbo níṣojú mi. Ohun méjì làwọn èèyàn máa ń dárúkọ pé ó ba iṣẹ́ wa jẹ́: òfin Amẹ́ríkà tó yọ ọwọ́ ìjọba kúrò nínú iye owó bàálù, àti kọ̀ǹpútà. Èmi tí mo bá méjèèjì gbé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí gan-an ló kọ́kọ́ jẹ́ ká jẹun yó. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá ni pé gbogbo ohun tí a fẹ̀yìn tì, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tiwa nínú rẹ̀.

Láti ọdún 1938 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣàkóso bàálù tó ń fò láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n wá ń pè ní Civil Aeronautics Board ló ń sọ iléeṣẹ́ tó lè fò láti ìlú kan sí òmíràn, òun náà ló sì ń fọwọ́ sí iye tí wọn yóò gbà. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà ní ojú ọ̀nà kan náà, nítorí náà oúnjẹ àti ìtọ́jú inú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé láyé ìgbà yẹn, ohun tí èjẹ́ńtì nílò kò ju ìwé ràbàtà tí wọ́n ń pè ní Official Airline Guide, fóònù, bírò àti sùúrù. Oníbàárà á ní òun ń lọ sí Chicago lọ́jọ́ Ẹtì. Èjẹ́ńtì á ṣí ìwé, á wo àkókò, á pe iléeṣẹ́ bàálù, á kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tí ń béèrè pé ṣé kò sí èyí tó dínwó jù bẹ́ẹ̀, nítorí kò kúkú sí.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó yí gbogbo èyí padà. Alfred Kahn, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé láti Yunifásítì Cornell, ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà ṣáájú òfin yìí. Òun gan-an ló sì ń jà pé kí wọ́n jẹ́ kí ọjà máa dá iye ara rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn òfin náà, ìgbìmọ̀ tí ó ṣe alága fún palẹ̀ mọ́ pátápátá.

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́, òfin náà kò tíì pé ọdún kan. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá tú okùn tí wọ́n fi yí ọjà ká. Iléeṣẹ́ tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ń dìde. Èyí tó ti wà ń wọ ojú ọ̀nà tí wọn kò gbà á láàyè sí tẹ́lẹ̀. People Express bẹ̀rẹ̀ láti Newark ní 1981. Nínú bàálù ni wọ́n ti ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò, bí wọ́n ti ń gbà á nínú dánfó, ẹni tó bá sì fẹ́ jẹun á sanwó oúnjẹ lọ́tọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá náà fèsì. Wọ́n ní owó kan wà fún ẹni tó bá rà á sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́, òmíràn fún ẹni tó bá sun òru Sátidé níbi tó ń lọ, òmíràn tí wọn kì í dá padà láéláé. Ẹni méjì á jókòó tira wọn nínú bàálù kan náà, ọ̀kan á ti san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí èkejì san.

Ta ni yóò wá túmọ̀ gbogbo èyí fún ìyá oníṣòwò tó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀? Àwa ni. Ṣáájú òfin náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń pe iléeṣẹ́ bàálù tààrà ni. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta tíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ tí ń gba ọwọ́ èjẹ́ńtì kọjá. Nǹkan bí 15,000 ni ṣọ́ọ̀bù èjẹ́ńtì tó wà ní Amẹ́ríkà ní 1978. Nígbà tí ó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n ti ju 30,000 lọ. Ìjọba kò lọ́wọ́ mọ́ sí iye kọmíṣọ̀n, owó tí iléeṣẹ́ bàálù ń san fún wa lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àwọn iléeṣẹ́ bàálù ń fi í fa ojú wa mọ́ra. Dọ́là mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún di ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ìdààmú oníbàárà ti di oúnjẹ wa, a sì jẹ ẹ́.

Ìtàn ti kọ̀ǹpútà pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ní 1953, C. R. Smith, ọ̀gá American Airlines, àti Blair Smith, òṣìṣẹ́ IBM, ṣe kòńgẹ́ ara wọn nínú bàálù tó ń lọ láti Los Angeles sí New York. Wọn kì í ṣe ẹbí. Orúkọ tó pa wọ́n pọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n jọ sọ lọ́jọ́ náà ló bí Sabre, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìjókòó gbogbo bàálù American. Ní 1976, American gbé Sabre, iléeṣẹ́ bàálù United náà gbé Apollo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sí ọ́fíìsì àwọn èjẹ́ńtì.

Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé ọ́fíìsì wa. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà inú rẹ̀ sì ń tàn bí ewé tútù. Ohun àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ síbẹ̀ kò kúrò lórí mi títí dòní: 115DECJFKLOS. Ení ni ìbéèrè; 15DEC ni ọjọ́ ìrìnàjò; JFK ni New York; LOS ni Èkó. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo bàálù ọjọ́ náà ti tò sójú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà mo tẹ 01Y1. Òdo ni àṣẹ pé kí ó tà. Ení ni iye èrò. Y ni irú ìjókòó. Ení tó kẹ́yìn sì ni ìlà tí mo mú. Ó tán. Ohun tí mo ti ń fi ìdajì wákàtí lórí fóònù ṣe, mo ti fi ìka márùn-ún ṣe é.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ení tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa wà. Ìlà kìn-ín-ní ni. Ọjà pọ̀, àwọn èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà, fóònù ń dún. Ìlà kìn-ín-ní ni ọwọ́ máa ń lọ. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ju ìdajì ìjókòó tí èjẹ́ńtì ń tà lọ tó jẹ́ pé orí ìlà kìn-ín-ní ni wọ́n ti ń mú un. Ta ló wá ń to ìlà? Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni. Iléeṣẹ́ bàálù tó ni ẹ̀rọ á to ọkọ̀ tirẹ̀ sókè, á ti ti ẹlòmíràn sí ojú-ewé kẹta níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Kò fi pa mọ́ pàápàá. Robert Crandall, ọ̀gá American, sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1983 pé àǹfààní yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ òun ṣe ẹ̀rọ náà fún.

Láàárín ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n kan wá rà tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ mi, ó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Houston. Mo tẹ ìlà kìn-ín-ní fún un. Ó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó jókòó wákàtí mẹ́ta kí ó tó wọ ọkọ̀ kejì, ó sì pẹ́ dé ibi ayẹyẹ. Nígbà tí ó padà dé, kò pariwo. Ó ní, “Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé bàálù kan wà tó lọ tààrà, tí owó rẹ̀ kò sì tó èyí?” Mo ṣí ẹ̀rọ. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ojú-ewé kẹta. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí ohun tó burú, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo ti ń sọ fún oníbàárà pé tiwọn ni mò ń ṣe, láìmọ̀ pé ẹlòmíràn ti dì mí lọ́wọ́ mú. Ní ìparí 1984 ìjọba ka títo ìlà lọ́nà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Láti ọjọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn, n kì í tà títí n ó fi ka ojú-ewé tó kẹ́yìn.

Ọ̀fẹ́ kọ́ ni ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún pẹ̀lú iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan. Ní ọdún kejì, mo rí ẹ̀rọ mìíràn tó bá iṣẹ́ mi mu jù, nítorí àwọn tí ń lọ sí Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Wọ́n ní mo lè lọ, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí wọ́n kọ síwájú mi ju èrè odidi ọdún kan lọ. Mo jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn baba wa yé mi: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹ̀rọ, ti iléeṣẹ́ bàálù. Ìjókòó tí mò ń tà, ti iléeṣẹ́ bàálù. Kọmíṣọ̀n tí mo fi ń sanwó ilé, àpò iléeṣẹ́ bàálù ló ti ń wá.

Oṣù Kejì ọdún 1995 ni oníṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ṣòkòtò rẹ̀. Iléeṣẹ́ bàálù Delta ló kọ́kọ́ kéde pé kọmíṣọ̀n lórí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ nínú Amẹ́ríkà kò ní ju dọ́là 50 lọ mọ́, bó ti wù kí tíkẹ́ẹ̀tì náà wọ́n tó. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá yòókù tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 1,000 tí à ń jẹ dọ́là 100 lórí rẹ̀ di dọ́là 50 ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ní 1997, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún di mẹ́jọ. Ní 1999, mẹ́jọ di márùn-ún. Ìgé náà dé orí tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, Delta tún ṣáájú, ó ní òun kò san ohunkóhun mọ́, àwọn yòókù sì bá a. Expedia àti Travelocity ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1996, nítorí náà oníbàárà lè jókòó sílé kí ó fúnra rẹ̀ tẹ ohun tí mò ń tẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló wà ní àdúgbò mi tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní 1995. Nígbà tí 2003 fi parí, ó ku tèmi nìkan.

Ìdí tí tèmi fi kù, ìbéèrè ọkùnrin kan ni. Ní 1999, mo kọ ọ́ sára ògiri pé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ mi yóò san dọ́là 20 fún iṣẹ́ mi. Àyà mi ń já bí mo ti ń lẹ̀ ẹ́. Ogún ọdún ni mo ti fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé wọn kì í san kọ́bọ̀ fún mi. Ọkùnrin kan, ọmọ ìlú Òndó, tó ti ń bá mi ra ọjà tipẹ́, kà á tán, ó jókòó. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Iléeṣẹ́ bàálù ló ni tíkẹ́ẹ̀tì. Íntánẹ́ẹ̀tì ń tà á láìgba nǹkan kan lé e. Kí ni mo wá ń sanwó fún gan-an?”

Kò fi rí mi fín. Ó fẹ́ mọ̀ ni. N kò sì rí èsì fún un. Mo gbójú sílẹ̀, ó san dọ́là 20 náà nítorí ojú àánú, ó lọ. Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Fún ogún ọdún, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, nítorí owó mi ń gba ẹ̀yìn wọlé, n kò sì ní ìdí láti bi ara mi.

Ọdún kejì lẹ́yìn náà ni èsì dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ìyá àgbà kan láti Abẹ́òkúta wà lókè òkun Àtìláńtíìkì, ó ń bọ̀ wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ní New Jersey. Ó ti wọ ọkọ̀ méjì láti Èkó. Nígbà tí Amẹ́ríkà ti òfuurufú rẹ̀ pa nítorí ìkọlù ọjọ́ náà, wọ́n darí bàálù 38 sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Gander, ní erékùṣù Newfoundland, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Àwọn èèyàn inú wọn, èrò àti òṣìṣẹ́, ju 6,500 lọ. Ọmọ ìyá yìí ń pe iléeṣẹ́ bàálù, fóònù kò wọlé. Ó pè mí, ó ń sunkún. Èmi náà kò mọ ibi tí ìyá wà.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò kà sí nǹkan kan. Àgbàlagbà yòówù tó bá ń rìnrìn-àjò, mo máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà mi sórí bébà, n ó ní kí ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ibi tí àwọn ìyá wa ń so owó mọ́. Ní ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Obìnrin kan ní ilé ìwé kan ní Gander ló ń pè. Ó ní ìyá kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí èdè rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó tú ìró rẹ̀, ó sì mú nọ́ńbà yìí jáde. Ó gbé fóònù fún un.

“Ọmọ mi,” ni ìyá wí, “níbo ni mo wà?”

Mo ní, “Màmá, Kánádà lẹ wà. Ẹ ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọmọ yín wà ní àlàáfíà, ìkókó náà wà ní àlàáfíà.”

“Ṣé ọkọ̀ wa ló bàjẹ́ ni?”

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọ́n ní inú àpótí ni ó wà, àpótí sì wà nínú bàálù. Mo sọ orúkọ oògùn náà fún obìnrin ilé ìwé, wọ́n sì bá wọn wá a lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń pe ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, tí mò ń ṣe ògbufọ̀, títí wọ́n fi tún gbéra.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo rántí ọmọ Òndó. Ohun tí ó ń sanwó fún nìyí. Ẹnì kan wà tó mọ orúkọ rẹ, tó mọ èdè rẹ, tó mọ oògùn tí ìyá rẹ ń lò, tí yóò sì gbé fóònù nígbà tí ọ̀nà bá dí. Bí wọ́n ti ń gé kọmíṣọ̀n tó, wọn kò rí èyí gé, nítorí kò sí lára ohun tí mo yá lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọkùnrin náà tún wá, mo jókòó tì í, mo fún un ní èsì ìbéèrè rẹ̀. Títí dòní, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kì í bá ẹlòmíràn rà.

Láti ìgbà náà, mo ń wo ohun tí àwọn iléeṣẹ́ bàálù ń ṣe, kò sì yà mí lẹ́nu mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, àjọ wọn, IATA, fòpin sí tíkẹ́ẹ̀tì onípépà. Ìgbà náà ni mo fi ọ̀kan pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ní 2022, IATA sọ pé dọ́là mílíọ̀nù 464 owó àwọn iléeṣẹ́ bàálù ló há sí Nàìjíríà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú ìjókòó olówó pọ́ọ́kú kúrò lójú kọ̀ǹpútà àwọn èjẹ́ńtì Nàìjíríà. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan pè mí láti Ìkẹjà, ó ní òun ń wo ẹ̀rọ, ìjókòó olówó gọbọi nìkan ló kù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lèmi rí ti pọ́ọ́kú ní Brooklyn fún bàálù kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìlà kìn-ín-ní ọdún 1983 nìyẹn tó tún padà wá lọ́nà mìíràn: ẹni tó ni ìjókòó ló ń sọ ohun tí èjẹ́ńtì yóò rí. Ní 2023, American mú ọ̀pọ̀ nínú iye owó rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ tí àwọn èjẹ́ńtì ń lò, pé kí àwọn èèyàn wá bá òun rà tààrà. Oníbàárà iléeṣẹ́ ńláńlá sá lọ bá àwọn mìíràn, nígbà tí ó sì fi di 2024, ó gbà pé àṣìṣe ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà.

N kò ní bú òfin ọdún 1978. Òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tálákà lè wọ bàálù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Brooklyn kì bá tí rí ọ̀nà lọ kí ẹbí wọn ní ìpínlẹ̀ mìíràn bí iye owó bá wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. N kò sì ní bú kọ̀ǹpútà, òun ló tú mi sílẹ̀ lọ́wọ́ tàdáwà pupa. Ẹ̀bi wa ni pé a jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe oníbàárà máa bọ́ wa, a sì rò pé oníbàárà ni à ń sìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ iṣẹ́ yìí lónìí, ní Èkó, ní London, ní Houston, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ ẹni tí owó yín ti ń wá. Ẹ sọ iye iṣẹ́ yín jáde lẹ́nu kí ẹ sì gbà á ní gbangba. Ẹ ka ojú-ewé tó kẹ́yìn kí ẹ tó tà. Bí oníbàárà bá sì bi yín pé kí ni òun ń sanwó fún, ẹ má ṣe gbójú sílẹ̀ bí èmi ti ṣe. Ẹ ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá àgbà bá sì wà nínú wọn, ẹ kọ nọ́ńbà yín fún un, kí ẹ bá a so ó mọ́ etí ìró.